Ìwé Ìbí Kejì Ọmọ Mi

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n bí ọmọbìnrin mi ni mo gba ìwé ìbí rẹ̀ ní Ifangni, ní Bẹ̀nẹ̀ níbi tí à ń gbé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo tún lọ gba òmíràn fún un ní Nàìjíríà, níbi tí àbúrò ìyàwó mi ń gbé. Àwa ará ẹnubodè kì í ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Bí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ọmọ á lọ kàwé lọ́hùn-ún. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀, ó sì sáré fún ilé-ìwé wọn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú un láti sáré fún Bẹ̀nẹ̀ níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè tó múlé gbe ara wọn. Olùkọ́ eré ìdárayá mú ìwé àṣẹ òbí wá fún mi. Wọ́n ní kí n búra pé ọmọ náà kò ní ìwé ìbí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Olùkọ́ náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní pẹ́ ti ọ́fíìsì.”

“Ẹ jẹ́ kí n tún un kà.”

“Hàá! Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ sórí ni?”

Ọmọ mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, bàtà eré ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bu ọwọ́ lu ìwé náà.

Lọ́jọ́ ìdíje, a jókòó ti rédíò. Mo mọ̀ pé ìwé àwọn tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n máa ń tú yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́. Ìyàwó mi ń pariwo pé, “Sáré, ọmọ mi!” Èmi ń bẹ Ọlọ́run kó ṣe ipò kẹrin.

Ipò kejì ló ṣe. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

“Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́. O kú iṣẹ́.”

“Ẹ ò tilẹ̀ yọ̀! Kóòṣì Nàìjíríà kan wá kí mi. Ó rántí mi. Ó ní ìgbà wo ni mo di ará Bẹ̀nẹ̀.”

“Kí lo wá sọ?”

“Mo ní Ifangni ni wọ́n bí mi. Àbí irọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

Ó ti padà dé báyìí. Àwọn aládùúgbò ń wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé olùkọ́ náà láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fa àga fún mi, tó ń kí mi kú oríire ọmọ. Mo gba omi tó bù fún mi mu, mo sì padà wálé.