Ọ̀rọ̀ Tí Selvarani Ò Jẹ́ Kí Valliammal Sọ Tán

Ọdún mọ́kàndínlógún ni nọ́ọ̀sì Selvarani ti fi ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní Chennai, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ pàápàá a máa bi í léèrè bóyá omi pọ̀ jù lára aláìsàn tàbí ó kéré jù. Ìyẹn ló kó bá a.

Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ kiri sára Thangaraj, ahunṣọ kan láti Kanchipuram. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà á kọjá ti dín kù. Selvarani wo ẹsẹ̀ bàbá náà, ó wú. Ó tún rí ife lọ́wọ́ Valliammal, ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń rọ omi sí wọn lẹ́nu! Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Nọ́ọ̀sì, ètè wọn ni mo fi rin. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń—"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́, Màmá! Ṣé ìdí òfì lẹ rò pé ẹ wà ni?"

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Valliammal gbé ife sílẹ̀. Selvarani pe dókítà kékeré lórí fóònù, ó ní omi ti pọ̀ jù, ìyẹn sì fọwọ́ sí oògùn tó ń mú ni tọ̀.

Kò pẹ́ tí Selvarani fún Thangaraj lóògùn náà ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọ̀gá dókítà, Ezhilarasi, sáré wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá náà sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ẹsẹ̀ padà sọ́kàn ni iye ẹ̀jẹ̀ tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn ń gòkè.

"Omi ni wọ́n nílò! Ẹsẹ̀ tó wú ò ní kí omi má gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Màmá, ṣé wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru ni?"

"Ìgbà mẹ́fà láti ìdájí. Èmi ni mò ń nù wọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ní kí n dákẹ́."

"Ta ló wá ní kí wọ́n fún wọn lóògùn ìtọ̀?"

Ilẹ̀ ni Selvarani ń wò. "Èmi ni, Dókítà."

Òun náà ló so omi ìfàsára kọ́, ó jẹ́ kí ó máa kán wọ ara bàbá náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ò ké mọ́, ara Thangaraj sì ti balẹ̀. Selvarani kúnlẹ̀ níwájú Valliammal, lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi. Ọkọ mi ò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn dùn mí o."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, Valliammal pín àkàrà òyìnbó oníwàrà fún gbogbo nọ́ọ̀sì. Ó fún Selvarani náà. Selvarani gbà á, ó dúpẹ́, àmọ́ kò lè jẹ ẹ́, torí ẹ̀rín ọjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.