Ọ̀pá Aago Sàfúrátù

Igi mọ́kànlá ni. Iye tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọgbà ilé-ìwé wa àtijọ́ ní Ìjerò kò fẹ́ kí etí kankan gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo béèrè, "díẹ̀ ni" ni wọ́n ń wí. Mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ, mo fi ojú ara mi kà á. Ìparí oṣù kẹjọ ni, àwọn ọmọ ṣì wà nínú ìsinmi, òórùn ọ̀dà tútù ló sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: àmì pupa lára gbogbo igi tí wọ́n fẹ́ gé láti fi ààyè rẹ̀ kọ́ ilé ìtajà.

N kò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, òjìji mi ń gùn níwájú mi lórí imí eṣú tó tanná, patanmọ́ sì ń pa ewé dé lábẹ́ bàtà mi. Ìdí ọdán tó kọjú sí kíláàsì ìwé kẹrin ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Àmì wà lára òun náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aago ni igi yìí nígbà kan.

Ilé-ìwé wa kò ní aago. Sàfúrátù, ọmọ oníṣòwò obì kan láti Ìpòtì, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ti rí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wo òjìji kó tó kírun alásàrì. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan, ó gún un mọ́lẹ̀ níwájú kíláàsì, ó sì fi òkúta sí ibi tí òjìji rẹ̀ máa ń dé nígbà tí a bá jáde. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ kò ti wọ etí wa mọ́. Òjìji là ń ṣọ́.

"Sàfúrátù, ṣé a ti lè rè ulé?"

"Ó ṣì ku ìbú ìka kan kó kan òkúta. Jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀lẹ!"

Òjò ọdún náà rọ̀ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀pá ti rú ewé. "Ẹ wá wò ó o, aago Sàfúrátù ti hu irùngbọ̀n!" Láìpẹ́, òjìji rẹ̀ fẹ̀ débi pé kò lè sọ àkókò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tíṣà wa ní ká fà á tu. Sàfúrátù di igi náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí kò bá lè ṣe aago, yóò ṣe ibòòji."

Tíṣà wo oòrùn, ó nu iwájú orí rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, bàbá Sàfúrátù kó ìdílé rẹ̀ lọ sí òkè ọya. N kò fojú kàn án mọ́. N kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Igi yìí ni mo ní.

Aago ti wà lára ògiri báyìí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú tí páànù kíláàsì gbóná, abẹ́ ọdán náà ni àwọn tíṣà òde òní ń kó àwọn ọmọ sá sí, tí wọ́n ń sún bẹ́ǹṣì tẹ̀lé ibòòji títí ilé-ìwé yóò fi jáde. Ìlérí tí ọmọdé kan ṣe ṣì ń ṣẹ, ẹ̀yin àgbà lẹ fẹ́ gé e.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹ pe àwọn òbí jọ sábẹ́ ọdán yẹn. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé mọ́kànlá ni. Ẹ fi ibòòji mìíràn tí ẹ̀ ń kó àwọn ọmọ wọn lọ sí hàn wọ́n. Bí ẹ kò bá ní èyí tí ẹ ó fi hàn, ẹ mú kànìnkànìn, kí ẹ fọ ọ̀dà yín kúrò lára igi Sàfúrátù lójú gbogbo wa.