Ìlà Ẹfun Tí Bàbá Mi Kò Rékọjá

Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dùn ún kà. Ìwé kẹta ni mo kà kúrò nílé ẹ̀kọ́, n kò sì mọ bí a ti í to ọ̀rọ̀ kó dán. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi ń darí àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Ìjòkù, ní Ṣàgámù níbí. Obì ló ń tà, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé, òwò di ọ̀la. Kì í lè dúró lójú kan. Lọ́jọ́ kan ó fi agboòrùn lé ọmọ àdúgbò Ibido kan dé ojú góòlù. Nítorí ìyẹn, nígbà tí àwa àti Ibido tún pàdé, tíṣà tó jẹ́ rẹfirí fi ẹfun fa igun mẹ́rin sí etí pápá. Ó ní, "Bàbá, inú ibí ni kí ẹ ti máa darí wọn o. Bí ẹsẹ̀ yín bá kọjá ẹfun yìí kí n tó fọn fèrè, Ìjòkù ti pàdánù nìyẹn." Èmi tí n kò gbọ́n, mo rò pé àyè oyè ni wọ́n fún bàbá mi. Mo ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi bóyá wọ́n rí i.

Àwọn ará Ibido ń pariwo, "Ẹ wo àgbò iléyá nídìí èèkàn!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá!"

Lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbá góòlù kan wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà, òun àti ọmọ Ibido kan kọlu ara wọn nítòsí wa, mo sì gbọ́ tí egungun dún bí igi gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ láti ilẹ̀, ó ń ké, "Bàbá mi o!" Bọ́ọ̀lù ti lọ sí òdìkejì, rẹfirí kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ìyá mi figbe ta: "Ọmọ yín mà ni! Ẹ lọ gbé e!"

Bàbá wo ọmọ, ó wo ẹfun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó fọn fèrè ná."

Ọmọ Ibido tó kọlù ú gan-an ló kọ́kọ́ gbé orí rẹ̀ lé itan, kí ìyá mi tó sáré débẹ̀.

A borí. Wọ́n gbé bàbá mi sókè, wọ́n ní ó ti wá mọ òfin. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa òwe yẹn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń tiro títí di òní. N kò pe bàbá mi ní ènìyàn burúkú. Kò fẹ́ kí ìyà àwọn ọmọ Ìjòkù tó kù já sí asán. Síbẹ̀, n kò lè gbàgbé ojú rẹ̀ nínú ẹfun yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdíje náà, mo bu omi àlùwàlá rẹ̀ sínú bútà bí mo ti máa ń ṣe. Ó ti ká apá aṣọ sókè, ó ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé omi náà kọjá lára rẹ̀, mo wọ yàrá, mo fi wẹ ojú ẹ̀gbọ́n mi.