Igi Òyìnbó Nínú Oko Kòkó Yèyé

Gbì! Yèyé tún fi kùmọ̀ fọ́ kòkó, omi rẹ̀ ta sí mi lójú. Mi ò ráyè nù ún: ìwé jọ́gíráfì wà lọ́wọ́ òsì mi, ọwọ́ ọ̀tún ń kó èso sínú apẹ̀rẹ̀. Oko Yèyé, ìyá bàbá mi, nìyẹn, lẹ́yìn Emùré, nínú òórùn kòkó kíkan tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò.

Bàbá mi, tíṣà tó mọ ohun gbogbo, bá ti Ìkẹ́rẹ́ dé. Ọmọ igi òyìnbó tí wọ́n ń pè ní páìnì ló kún inú páálí tó gbé. Ó ní kòkó ti darúgbó, kí a gé e dànù, kí a gbin igi tó máa di pákó.

Yèyé kò gbójú sókè. “Ugi yẹn, níbo ni ulé rẹ̀?”

“Ilẹ̀ òtútù ni, Yèyé.”

Ó kọjú sí mi. “Ṣebí ò ń kà nípa ibẹ̀ níléèwé. Kí ni ìwé rẹ wí?”

Bàbá mi fojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, síbẹ̀ mo kà á: ewé igi ibẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó kí yìnyín lè yọ̀ kúrò, ewé tó bá jábọ́ kì í tètè jẹrà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a máa kan bí omi ògì, koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù.

“Ó kan, àbí?” Yèyé dìde. Kì í fojú lásán wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé gbígbẹ nídìí kòkó, ó bu ilẹ̀ dúdú tí ekòló ń yí nínú rẹ̀, ó gbé e sí bàbá mi nímú. “Gbọ́ òórùn rẹ̀. Ulẹ̀ yìí ló rán ọ níléèwé. Bí o bá máa gé kòkó mi, èmi ni kí o kọ́kọ́ gé.”

Bàbá mi fárígá. Ó ní ẹni tí kò kàwé kò lè kọ́ òun.

“Ọmọ rẹ ló kà á,” ni Yèyé wí.

Yèyé mú ẹyọ kan péré nínú páálí, ó gbìn ín sí ẹnu ààlà, kí gbogbo ojú lè rí ohun tó máa fi ilẹ̀ ṣe.

Igi náà ti ga ju ilé lọ báyìí, abẹ́rẹ́ gbígbẹ nìkan ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Yèyé ti lọ, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Bàbá mi ti fẹ̀yìntì, owó kòkó yẹn náà ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ ká gé kòkó kò yéé wá, pẹ̀lú irúgbìn tuntun lápò. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń mú wọn dé ẹnu ààlà, mo ní kí wọ́n ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ páìnì, kí wọ́n ki èkejì bọ abẹ́ kòkó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ní kí wọ́n gbọ́ òórùn ọwọ́ méjèèjì, kí wọ́n wá sọ èyí tó yẹ kí n gé.