Kápẹ́ẹ̀tì fún Mọ́sáláṣí Tí Kò Lórùlé

Ìjì kan náà ló ba mọ́sáláṣí méjì jẹ́ nílùú wa. Ti Jímọ́ọ̀ tó wà lẹ́bàá títì, òrùlé roboto rẹ̀ ló dagun. Ti àdúgbò wa, alámọ̀, tí màmá mi ti ń kírun nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, òun wó lulẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, àwòrán òrùlé roboto ti wà lórí fóònù gbogbo wa ní Jẹ́dà.

Àwọn dókítà àti ẹnjiníà ìlú wa pe ìpàdé lórí àtúnṣe sí ilé ọ̀kan nínú wọn ní Utaibíyà, ní Mẹ́kà. Màmá mi pè láti ilé, ó ní, "Sọ tiwa fún wọn. Òjò ń bọ̀."

Wẹ́dà ni mí ní àdúgbò Mahjar ní Jẹ́dà. N kò ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú tí ọlọ́pàá ọ̀nà ń bèèrè. Mo bá ró hárámì funfun bí ẹni ń lọ ṣe úmúrà. Bí a ṣe rí ọlọ́pàá, mo ké "Lábáíkà" bí àwọn onúmúrà títí awakọ̀, ọmọ Ìlọrin, fi ní, "Àlàájì, ẹ rọra. Ọlọ́run ò dití."

Mo bá wọn lórí iyàn: ṣé wúrà ni kí òrùlé roboto tuntun jẹ́, àbí àwọ̀ ewé? Mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tiwa náà wó."

Onílé, dókítà eyín, gba fóònù mi tí àwòrán tiwa wà lórí rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Àlàájì, èwo ni mọ́sáláṣí níbí?"

"Ó ti wó ni, sà."

"Ohun tí kò jọ mọ́sáláṣí, báwo la ṣe fẹ́ fi han aláàánú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojo ni mí. Ìyàwó onílé ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé mi lápá, wọ́n ya fọ́tò mi. Kí n tó dé Jẹ́dà, àwòrán èmi tí mò ń sá fún ọlọ́pàá ti gba ìlú: "Ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ tálákà."

Màmá mi rí i, ó pè mí. "Orí ẹrẹ̀ ni ká tẹ́ ẹ sí? Dá a padà. Òrùlé la bẹ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ mo kó o padà sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo tẹ aago. Ọ̀rọ̀ gbígbóná tí mo ti há sórí láti Jẹ́dà, n kò sọ ọ̀kan. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, mo ti sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Òrùlé wúrà ti gorí mọ́sáláṣí ẹ̀bá títì báyìí. Òjò ti dé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń lọ kírun níbẹ̀, màmá mi ń kírun nínú yàrá rẹ̀. Mo ní kí ó bá wọn lọ.

Ó ní, "Ṣé ìwọ náà ti bá àwọn dókítà wọ ẹgbẹ́ ni?"