Ìgbà Mọ́kànlá ní Wákàtí Kan

Ọ̀rọ̀ pàtàkì rèé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ: Mùkáílà kì í dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni láàárọ̀ bí kò bá tíì kí ẹṣin. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ní ẹṣin ló gbé bàbá ńlá òun dé gbogbo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rù rẹ̀. Ní àdúgbò Ijala, Àlhájà Ramlah ní abo ẹṣin méjì tó ń fi yá àwọn ọkọ ìyàwó tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Mùkáílà ń tọ́jú ọ̀kan, Elisha ń tọ́jú ìkejì.

Elisha yìí ni eegun ẹja tó há Mùkáílà lọ́fun. Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja. Síbẹ̀, bí ẹṣin bá ti gbóhùn rẹ̀, ni yóò na etí.

Abo ẹṣin méjèèjì bímọ lọ́sẹ̀ kan náà. Àlhájà ní ẹni tí wàrà ẹṣin rẹ̀ bá pọ̀ jù ni òun máa fi ṣe ọ̀gá. Mùkáílà gbé àpótí, ó jókòó, ó ń ka iye ìgbà tí ọmọ ń mu ọmú.

"Mọ́kànlá ní wákàtí kan, Àlhájà! Ti ọmọ olódò yẹn, mẹ́rin péré. Kó lọ máa da àwọ̀n."

Elisha rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, no vex. Make we weigh am."

Ó lọ yá òṣùwọ̀n oníìrẹsì ní ọjà Igbudu. Wọ́n ya àwọn ọmọ kúrò nídìí ọmú fún wákàtí méjì, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n jẹ́ kí wọ́n mu, wọ́n tún wọ̀n wọ́n. Ti Elisha fi kílò kan wúwo sí i. Ti Mùkáílà, òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

"Ẹ̀gbọ́n, ebi ló ń pa á. Ọmọ tó bá yó, oorun ló ń lọ sùn. Èyí tí ò rí nǹkan fà ló ń padà wá."

Mùkáílà wo ọmú ẹṣin Elisha títí. Ó ní koríko tibẹ̀ ló dáa jù. Koríko kan náà ni. Mùkáílà fúnra rẹ̀ ló ń gé e fún àwọn méjèèjì.

Látọjọ́ náà, Elisha ń fún wàrà ẹṣin tirẹ̀ sínú abọ́, Mùkáílà ń di abọ́ mú, ó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ ẹṣin rẹ̀ ń lá a. Ọmọ náà ti ń sanra.

"Àlhájà," ni Mùkáílà wí lánàá, "bí mi ò bá ka mọ́kànlá yẹn, ta ni ì bá mọ̀ pé ebi ń pa á?"

Àlhájà ṣì ń rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ta ni kó fi ṣe ọ̀gá?