Mo Ní Mo Ti Yó: Bí Mo Ṣe Wá Yàrá Dé Èkó

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, mo jókòó lórí pákó láàárín apẹ̀rẹ̀ obì méjì. Ọjọ́ Ajé ni. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, kò sì wojú mi. Ohun tó fẹ́ sọ, ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú níṣojú ìyá mi, kì í sì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ilé ìtura kan ní Èkó, níbi tí àwọn òyìnbó tó bá wá wo òkun máa ń wọ̀ sí, ti kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì àti kéèkì nílé ìdáná wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún akọ́ṣẹ́ ní yàrá. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, nítorí náà ẹni tí kò bá ní ibi tó ń gbé nítòsí, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Bàbá mi ka lẹ́tà náà títí, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀.

Ó ní, "Síkírá, mi ò ní kí wo má lọ. Ṣùgbọ́n wo ò gbọdọ̀ dá gbé, wo ò sì gbọdọ̀ bá ẹni tí mi ò mọ ilé bàbá ẹ̀ gbé. Lọ wá a. Tí wo ò bá rí i kí a tó kírun Jímọ̀, máa bọ̀ nílé, kí á gbàgbé lẹ́tà yẹn."

Ó tún ní kí n gba Ìwòpin lọ, kí àbúrò òun obìnrin tó ń ta ẹja lọ́hùn-ún mú mi dé Èkó, nítorí ọmọbìnrin ilé wa kì í dá wọ Èkó. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ wa, ẹ ó rí i pé ẹni tó gba Ìwòpin lọ sí Èkó láti Ìjẹ̀bú-Igbó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún gba ẹ̀yìn orí mú etí òsì. Mi ò jiyàn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ti pinnu pé bó ṣe gbogbo ilẹ̀kùn Èkó ni n óò kàn, màá kàn án.

Nígbà tí a dé ìlú Òrù, awakọ̀ yà sí Àgọ́-Ìwòyè láti kó obì sí i. Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà yẹn. Obìnrin kan tó wé gèlè mímọ́ tónítóní wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní òun ni ìyàwó tíṣà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó béèrè ẹni tó ń lọ sí Èkó. Mo ní èmi ni. Kíá ló gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé mi lẹ́sẹ̀: ewùrà ńláńlá márùn-ún àti gàrí tó kún àpò kékeré, kí n gbé e fún Kọ́ńfọ̀tì ọmọ òun tó ń ránṣọ ní Ìsàlẹ̀-Èkó. Ó kọ àmì ilé náà sínú bébà fún mi.

"Sọ fún un kó má tà á o," ó sọ bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ yọrí síta. "Ọmọbìnrin, wo ò tíì rí ibi tí wo máa sùn, wo ti ní ẹrù onílé."

Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà sáàárín ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í gba owó lórí ẹrù tí òbí fi ránṣẹ́ sọ́mọ, a kì í sì í tú u wò.

Ṣílè kan àti tọ́rọ́ ni mo san dé Ìjẹ̀bú-Òde. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kọ́bọ̀ méjì, tí mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí apá Ìbíàdé, ṣílè méjì àti sísì. Ọ̀nà náà pupa, ó kún fún ihò, afárá igi sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo wa la sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gùn ún. Bí a ṣe ń lọ ni ilẹ̀ ń rọ̀ sí i, igbó kòkó àti obì dín kù, ọ̀pẹ ràfíà gba ipò wọn. Nígbà tí mo dé Ìwòpin, ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ níwájú mi. Èmi tí mo ti ń pọn omi odò láti kékeré, tí ìyá mi máa ń bá wí bí mo bá da omi àdému kan nù, mo rí ọmọdé tó ń fi omi ṣeré bí ẹni pé kò lópin.

Ìyá Ìwòpin, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá mi, ń to ẹja gbígbẹ sínú agbọ̀n nígbà tí mo dé. Obìnrin tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí mo jíṣẹ́ bàbá mi fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kò yí padà. Ọkọ̀ máa ṣí lónìí náà. Jẹun kíá." Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló gbé wa, àwa àti agbọ̀n ẹja, adìẹ àti ewúrẹ́ kan tí kò dákẹ́ títí a fi kọjá Ẹ̀pẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gúnlẹ̀ sí Èbúté-Èrò.

Ilé àkọ́kọ́ tí a lọ, kò jìnnà sí òkun. Onílé náà jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, Ìyá Ìwòpin sì rò pé ìyẹn á ràn wá lọ́wọ́. Ó gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì fi yàrá hàn wá, ó ní àlejò òyìnbó ń fún òun ní pọ́n-ùn mẹ́ta lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà kí n mú àdífáàǹsì oṣù mẹ́fà wá. Àdífáàǹsì ni wọ́n ń pe owó ilé tí a san sílẹ̀ kí a tó sùn níbẹ̀ rárá. Nílé wa, àlejò a kọ́kọ́ mu omi. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ilé kejì, ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà, wọ́n ń wá ẹnì kẹrin. Rúmeètì ni wọ́n ń pe ẹni tí a bá jọ ń gbé yàrá ní Èkó. Ọ̀kan bi mí bóyá mo máa ń hanrun. Kí n tó dáhùn, Ìyá Ìwòpin ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú gèlè rẹ̀ tó jábọ́, ó rí bàtà ọkùnrin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú ilé," ó fà mí lọ́wọ́ jáde. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ yẹn, ilé mẹ́rin mìíràn la tún dé, ibi gbogbo kò dára tàbí kò ṣe é san. A padà lọ sùn nínú ọkọ̀ wa ní èbúté.

Lọ́jọ́rú, Ìyá Ìwòpin lọ ta ẹja rẹ̀, èmi gbé apẹ̀rẹ̀ lọ fún Kọ́ńfọ̀tì. Mi ò ronú yàrá níbẹ̀ rárá, ẹrù ni mo fẹ́ gbé kúrò lọ́rùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, yàrá rẹ̀ wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú pópó. Kọ́ńfọ̀tì ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òun àti Dúpẹ́, ará Abẹ́òkúta tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan, ló ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì méjì wà níbẹ̀, àyè ẹ̀kẹta sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ni àyè náà.

Dúpẹ́ ní, "Ó ti lọ sílé ọkọ. A ń wá ẹlòmíràn. Ṣílè márùn-ún lóṣù ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa."

Ọkàn mi fò. Mo ka iye ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ìtura lọ́kàn mi. Mo lè dé ibẹ̀ kí wọ́n tó po ìyẹ̀fun. Bàbá Kọ́ńfọ̀tì sì ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, ibi tí bàbá mi lè gun kẹ̀kẹ́ dé. Mo sọ ohun tí mo wá ṣe ní Èkó fún wọn. Wọ́n wo ara wọn, Kọ́ńfọ̀tì sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú ewùrà kan nínú èyí tí mo gbé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ sè, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti epo. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Wọ́n gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ kan ṣoṣo. Kọ́ńfọ̀tì ní, "Wá jẹun."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mo ti yó."

"Wá, jàre."

"Mo ti yó, ẹ ṣé gan-an."

Dúpẹ́ fi abọ́ náà sún mọ́ mi. "Ṣáà tọ́ ọ wò."

Mo ní mo ti yó. Ikùn mi kùn báyìí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Kọ́ńfọ̀tì gbé ọmọrí bo abọ́ náà. Ó ní, "Ó dáa. A ó ránṣẹ́ sí ọ." Mo mọ̀ pé wọn kò ní ránṣẹ́.

Dúpẹ́ ló sìn mí dé ìsàlẹ̀. Kò bínú, ó kàn la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó lọ sílé ọkọ yẹn fi oṣù mẹ́ta dá ìkòkò tirẹ̀ ní, ó ń tì í mọ́ inú àpótí. "Yàrá kan ni a ní, ìkòkò kan ni a ní. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọwọ́ wa, a ò lè sùn tì í."

Èmi, ẹ̀rù? Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń lọ, inú sì ń bí mi sí gbogbo ènìyàn: sí Dúpẹ́, sí ìkọ́kọrẹ́ náà, sí ìyá mi tó máa ń fi ojú bá mi wí bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá nílé onílé. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo fẹ́ kọ́, n kò sì lè jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn!

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìwòpin, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fi lọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Ẹ̀ẹ̀kan, ìtìjú ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wo ti bú onílé. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí wo kò bá bá wa jẹun nínú ọkọ̀, a ò ní gbé àjẹ̀ fún ọ." Ó ní ọkọ̀ òun máa ṣí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ká tètè wá ilé mìíràn láàárọ̀. Mo ní rárá, mi ò wá ilé mìíràn mọ́. Yàrá yẹn ni mo fẹ́.

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Kọ́ńfọ̀tì ló ṣílẹ̀kùn, ó di ìró mọ́ àyà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ebi ń pa mí. Ebi pa mí lánàá náà. Irọ́ ni mo pa."

Ó wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, wọ́n na èmi náà nítorí oúnjẹ àlejò. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, nílé wa, èèyàn a máa jẹ. Mo ní kí Dúpẹ́ jẹ́ kí á wò ó bóyá wo máa padà." Ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé abọ́ kékeré kan tí wọ́n dé jáde láti ẹ̀yìn ìkòkò. Ìkọ́kọrẹ́ àná ni. Wọ́n ti bu tèmi sọ́tọ̀.

Ó ti tutù, ó sì ti le. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi lá abọ́. Dúpẹ́ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún fi gàrí rírẹ tì í. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé mo máa ń kírun ní ìdájí. Kọ́ńfọ̀tì ní kò burú, òun náà máa ń kọ orin ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a jọ fara da ara wa. Mo san ṣílè márùn-ún mi.

Ìyá Ìwòpin fi mí lé awakọ̀ ará Ìjẹ̀bú-Igbó kan lọ́wọ́, ó bá omi lọ, èmi gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè láti jíṣẹ́ fún ìyàwó tíṣà. Ó gbé iṣu àti ẹyin síwájú mi. Mo ní mo ti yó lẹ́ẹ̀kan, mo ní mo ti yó lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fọwọ́ jẹun. Tíṣà fúnra rẹ̀ ní òun yóò wá kí bàbá mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Oòrùn ń lọ sílẹ̀ nígbà tí mo dé Òkè-Àgbò. Bàbá mi ń ṣe àlùwàlá níwájú ilé, ìyá mi ń tú nǹkan nínú àwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Wo rí i?"

"Mo rí i, Bàbá." Mo dárúkọ wọn, mo dárúkọ tíṣà àti ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Ó da omi sí apá kan, ó bi mí, "Wo jẹun nílé wọn?"

Ìyá mi dúró. Mo mọ ìdáhùn tó tọ́ nílé wa, mo sì mọ ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi: pé ìtìjú tí a kọ́ mi dára, ṣùgbọ́n ó níbi tó ń dé. Mo ní, "Mo jẹ, Bàbá. Mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi. Mo padà lọ jẹ ẹ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí abọ́ tí wọ́n bu pamọ́.

Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ ti òsì, ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ lẹ́tà náà lábẹ́ ẹní ìkírun, ó nà án sí mi, ó wá kọjú sí ìyá mi.

Ó ní, "Àwọn ọmọ méjèèjì yẹn, bí wọ́n bá wá sílé yìí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ fún mi lẹ́ẹ̀kẹta pé òun ti yó."